Àjọ Ni, àbí Àga Iwájú?

Àwọn àgbà ní orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Ṣùgbọ́n orúkọ méjì kan wà láyé ìṣègùn tí kò jánu ẹnikẹ́ni. Ńṣe ni wọ́n ń dàrú mọ́ èèyàn lójú. Ọ̀kan ń jẹ́ direct primary care, èkejì ń jẹ́ concierge medicine. Ẹ̀yin ará Medicine tó wà láàrin wa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Mi ò wá gba iṣẹ́ yín ṣe, Linguistics ni mò ń kà. Àmọ́ ọ̀rọ̀ owó ọsibítù kì í ṣe ti dókítà nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹni tó ń sanwó ni, ọ̀rọ̀ ẹni tí kò rówó san sì ni pẹ̀lú.

Bí ẹ bá gbọ́ àlàyé wọn lóréfèé, ẹ ó ní ìbejì ni wọ́n. Nínú méjèèjì, èèyàn ń san iye kan tó ti wà nílẹ̀, lóṣù tàbí lọ́dún, kí àìsàn tó dé rárá. Nínú méjèèjì, dókítà máa ń dín iye èèyàn tó ń tọ́jú kù, kó lè ráyè gbọ́ tẹnu wọn. Ẹ lè pè é lórí fóònù. Ẹ ò ní jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti aago méje àárọ̀ títí oòrùn á fi kan àtàrí. Ta ló máa gbọ́ irú ìyẹn tí kò ní sọ pé òun fẹ́?

Ibi tí wọ́n ti pínyà ni mo fẹ́ ká wò. Kí ahọ́n wa lè rọ̀, ẹ jẹ́ ká fún wọn lórúkọ tiwa. Ká pe ti àkọ́kọ́ ní dókítà olóṣooṣù, ká pe èkejì ní dókítà ọlọ́lá.

Dókítà ọlọ́lá ló kọ́kọ́ dé. Ní 1996, ní ìlú Seattle ní Amẹ́ríkà, dókítà kan tó ń jẹ́ Howard Maron, tó ti jẹ́ dókítà ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù alájùsápẹ̀rẹ̀ SuperSonics, àti ẹnì kejì rẹ̀ Scott Hall, dá ilé iṣẹ́ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní MD². Àádọ́ta ìdílé péré ni dókítà kan ń tọ́jú níbẹ̀. Àádọ́ta! Ní 2000, òmíràn tó ń jẹ́ MDVIP bẹ̀rẹ̀ ní Florida, tiwọn ò sì ju 600 èèyàn lọ fún dókítà kan. Ẹ fi etí sí ibi tí ọ̀rọ̀ wà: ọ̀pọ̀ àwọn dókítà ọlọ́lá ló ń gba owó ọdún lọ́wọ́ yín, tí wọ́n á tún máa gba owó ìtọ́jú lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ adójútòfò yín. Owó ọdún yẹn kò sanwó ìtọ́jú tán. Owó ẹnu ọ̀nà ni, kí ẹ lè wọlé ṣáájú ẹlòmíì.

Dókítà olóṣooṣù yàtọ̀. Òun kì í bá ilé iṣẹ́ adójútòfò dòwò pọ̀ rárá. Ohun tó fà á ni pé lọ́dọ̀ wọn lọ́hùn-ún, ìwé adójútòfò ti pọ̀ débi pé akọ̀wé tó ń kọ ọ́ ń jẹ nínú owó tó yẹ kó fi tọ́jú èèyàn. Ó wá ní kí aláìsàn àti òun jọ kojú ara wọn: ẹ san iye báyìí lóṣù, gbogbo ìtọ́jú kékeré wà nínú rẹ̀, tí ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru, ti ibà, ti egbò, ti ọmọ tó ń wú ikọ́. Láàrin 50 sí 100 dọ́là lóṣù ni ọ̀pọ̀ wọn ń gbà. Ní Seattle kan náà yẹn ni dókítà Garrison Bliss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dá Qliance sílẹ̀ ní 2007 lórí èrò pé òṣìṣẹ́ lásán náà yẹ kó lè ní dókítà tirẹ̀. Qliance kógbá sílé ní 2017, àmọ́ àwọn mìíràn ti gba iṣẹ́ náà ṣe. Láti January 2026, òfin Amẹ́ríkà ti gbà kí èèyàn máa fi owó ìlera tí kò ní owó orí san irú owó oṣù yìí, bí kò bá ti ju 150 dọ́là lọ fún ẹnì kan. Iṣẹ́ abẹ àti jàǹbá ọkọ̀ kò sí nínú rẹ̀ o. Fún ìyẹn, èèyàn ṣì nílò adójútòfò.

Ẹ ti rí i báyìí? Ọ̀kan ń sanwó kí dókítà lè jẹ́ tirẹ̀. Èkejì ń sanwó kó lè rí dókítà ní àkókò. Wọ́n jọra lójú, wọn ò jọra nínú.

Bóyá ẹnì kan á ní, kí ló kan ará Ilọrin nínú ọ̀rọ̀ Seattle? Ó kàn wá gan-an. Yorùbá ti mọ owó àsansílẹ̀ tipẹ́. Kí ni àjọ? Lójoojúmọ́ ni alájọ ń gba owó lọ́wọ́ àwọn ìyá ọjà, tó bá di ìparí oṣù, á mú owó ọjọ́ kan gẹ́gẹ́ bí èrè tirẹ̀, á kó ìyókù fún wọn. Ìyá ńlá mi ń ta wàrà ní Ìpàtà. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, mi ò rí ọjọ́ tí wọ́n pa àjọ jẹ. Òjò ìbáà rọ̀, ọjà ìbáà kú, wọ́n á tú ìdí ìró wọn, wọ́n á yọ owó alájọ.

Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ríru wà lára wọn, ọ̀rọ̀ oògùn kò rí bí ọ̀rọ̀ àjọ. Wọ́n á ra sáṣẹ́ẹ̀tì kan ní kẹ́mísì, wọ́n á lò ó fún ọ̀sẹ̀ kan àbọ̀. Bí orí bá ti ṣíwọ́ fífọ́, ó ti parí nìyẹn. Èmi á bi wọ́n pé:

"Ìyá, ẹ ti lo oògùn yín lónìí?"

Wọ́n á ní: "Kí ni mo fẹ́ lo oògùn sí? Ara mi dá ṣáṣá. Ẹni tó ti yó, ṣé á tún máa jẹun ni?"

Ẹ̀rín á pa mí, ẹ̀rù á sì bà mí. Nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Ó lè wà lára èèyàn fún ọdún mẹ́wàá láìdùn ún, lọ́jọ́ tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, rọpárọsẹ̀ ló máa fi sọ ọ́. Ẹ wá wo irú àìsàn yìí, ká sì wo bí a ṣe ń sanwó ìwòsàn nílẹ̀ wa: ìgbà tó bá dùn wá ni à ń sanwó. Àìsàn tí kì í dunni, ta ló máa sanwó fún un? Ní òru ọjọ́ kan, a gbé ìyá ńlá mi dé ilé ìwòsàn aládàáni kan. Kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan apá wọn, wọ́n ní ká kọ́kọ́ lọ mú dìpọ́síìtì wá. Àwọn àbúrò bàbá mi ń sáré láti ilé dé ilé, wọ́n ń yá owó, ìyá arúgbó wà nínú mọ́tò. Ọlọ́run ló kó wa yọ.

Ẹni tó yanjú ọ̀rọ̀ náà ni nọ́ọ̀sì kan tó ti fẹ̀yìn tì ládùúgbò wa. Ó pe àwọn ìyá ọjà bí ogún jọ, ó ní kí oníkálukú máa mú 500 naira wá lóṣù. Gbogbo Àlàmísì ló ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, ó ń kọ ọ́ sínú ìwé gbọọrọ kan. Èyí tí tirẹ̀ bá ga, á mú un lọ bá dókítà lọ́sibítù ìjọba. Oògùn tí dókítà bá kọ, á bá wọn rà á pọ̀ kó lè dín owó. Ní Àlàmísì kan, ìyá ńlá mi ò lọ. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, nọ́ọ̀sì dúró síwájú igbá wàrà wọn lọ́jà.

"Màmá, ẹ ò yọjú lánàá. Owó yín wà lọ́wọ́ mi o, ẹ wá jẹ ẹ́."

Ẹ̀yin èèyàn mi, gbólóhùn yẹn ṣe ohun tí ọdún mẹ́ta ìbẹ̀bẹ̀ tèmi ò lè ṣe. Ìyá ńlá mi ò tíì fo Àlàmísì kan láti ìgbà náà. Wọ́n ní àwọn ò lè fowó àwọn ta ẹlòmíì lọ́rẹ. Ọgbọ́n tó wà nídìí dókítà olóṣooṣù nìyẹn, kódà bó jẹ́ nọ́ọ̀sì ló ń ṣe é. Owó tí a ti san ṣáájú ló ń fa ẹsẹ̀ wa lọ síbi ìtọ́jú lọ́jọ́ tí nǹkan kan ò dùn wá. Owó tí a óò san lẹ́nu ọ̀nà ló ń fa ẹsẹ̀ wa sẹ́yìn.

Kì í ṣe ìyá ńlá mi nìkan lọ̀rọ̀ yìí ti rí bẹ́ẹ̀. Ní Kwara wa níbí, ní 2007, ètò adójútòfò kan bẹ̀rẹ̀ ní Shonga, létí odò Ọya, ní ìjọba ìbílẹ̀ Edu, nígbà tí Bukola Saraki jẹ́ gómìnà. Ilé iṣẹ́ Hygeia ló ń bójú tó o, owó sì ń wá láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Netherlands nípasẹ̀ PharmAccess, ìjọba Kwara náà ń fi tirẹ̀ sí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, 300 naira ni àgbẹ̀ kan ń san fún odidi ọdún; àwọn yòókù ló ń san ìyókù. Ní 2009, ó dé Afọ́n ní ìjọba ìbílẹ̀ Aṣà. Àwọn olùwádìí wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ará ibẹ̀, wọ́n tún wọn tàwọn ará Àjàṣẹ́-Ìpo, níbi tí ètò náà kò tíì dé. Lẹ́yìn ọdún méjì, láàrin àwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, nọ́ńbà òkè fi nǹkan bí 10 wálẹ̀ níbi tí ètò wà, ó fi nǹkan bí 5 péré wálẹ̀ níbi tí kò sí. Wọ́n tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014. Ẹ má fojú kéré 5 yẹn o. Lára ọ̀pọ̀ èèyàn, òun ni ìyàtọ̀ láàrin ẹni tó ń rìn lọ sọ́jà àti ẹni tí wọ́n ń gbé jókòó.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò parí sí adùn. Nígbà tó di 2016, ètò náà dáwọ́ dúró. Àwọn tó ti ń gba oògùn wọn lóṣooṣù padà sí kẹ́mísì. Ìjọba ìpínlẹ̀ dá àjọ adójútòfò tirẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn náà, ìjọba àpapọ̀ sì ṣe òfin tuntun ní 2022 pé gbogbo ọmọ Nàìjíríà gbọ́dọ̀ ní adójútòfò ìlera. Òfin dára. Àmọ́ àjọ tó jẹ́ pé àlejò ló ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọjọ́ tí àlejò bá lọ ni àjọ tú.

Káàdì NHIS tó wà lọ́wọ́ àwọn òbí wa tó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ńkọ́? Òun náà bá dókítà olóṣooṣù tan. Láti 2005 tí ètò náà ti bẹ̀rẹ̀, ọsibítù tí ẹ bá yàn ń gba owó kan lórí yín lóṣooṣù, ẹ wá o, ẹ ò wá o. Capitation ni wọ́n ń pè é. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 750 naira ló jẹ́ fún ẹnì kan, kó tó di 1,450 naira ní 2025. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Ní 2024, 750 naira ò ra abọ́ ìrẹsì àti ẹran gidi fún akẹ́kọ̀ọ́ ní bùkà Tánkẹ̀. Òun ni a ní kí ọsibítù fi tọ́jú èèyàn fún ọgbọ̀n ọjọ́! Bí owó oṣù bá kéré tó bẹ́ẹ̀, ohun tó máa dùn mọ́ ọsibítù nínú ni pé kí ẹ má wá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní káàdì fi máa ń gbọ́ pé "oògùn yẹn ò sí nínú tiyín." Owó àsansílẹ̀ dára, àmọ́ ó gbọ́dọ̀ tó iṣẹ́ tí a fi rán an.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká padà sọ́dọ̀ dókítà ọlọ́lá, nítorí òun náà wà ní Nàìjíríà. A kàn ń fi orúkọ mìíràn pè é ni. Òun ni dókítà tó ń lọ wo alágbára nílé, òun sì ni tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfuurufú lọ sókè òkun. Ní oṣù kọkànlá 2009, wọ́n gbé Ààrẹ Yar'Adua lọ sí Jeddah fún ìtọ́jú. Ní 2017, Ààrẹ Buhari lọ sí London ní oṣù karùn-ún, kò padà títí di oṣù kẹjọ. Èmi ò bú wọn. Àwọn méjèèjì ti kú, Ọlọ́run kẹ́ wọn. Aláìsàn tó ń wá ìwòsàn kò ṣẹ̀. Ṣùgbọ́n ní oṣù kẹwàá 2017 yẹn kan náà, ìyàwó Ààrẹ, Aisha Buhari, dìde ní gbangba, ó sọ pé ilé ìwòsàn tó wà nínú Aso Rock kò ní síríǹjì ẹyọ kan. Ilé ìwòsàn ilé Ààrẹ!

Ibí yìí gan-an ni mo ti rí ohun tí mò ń wá. Tẹ́lẹ̀, mo rò pé ìyàtọ̀ dókítà olóṣooṣù àti dókítà ọlọ́lá ò ju iye owó lọ: ọ̀kan pọ́ọ́kú, ọ̀kan wọ́n. Síríǹjì Aso Rock là mí lójú. Ẹni tó ní ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé kì í tún ojú ọ̀nà ṣe. Bí àwọn tí ohùn wọn rinlẹ̀ bá ti fi owó ra àga iwájú níbòmíràn, kò ní sí ẹni tó máa pariwo nígbà tí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn bá dá. Nínú àjọ, ó yàtọ̀. Ìyá ńlá mi àti ìyàwó olówó kan jọ wà nínú ìwé nọ́ọ̀sì wa. Lọ́jọ́ tí ẹ̀rọ ìwọ̀n-ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bàjẹ́, ìyàwó olówó ló kọ́kọ́ bínú, nítorí òun náà fẹ́ wọn tirẹ̀. Kó tó di Àlàmísì tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rọ tuntun ti dé. Gbogbo ogún èèyàn ló jèrè ìbínú ẹnì kan.

Mo mọ ohun tí ẹnì kan máa fi dá mi lóhùn, òótọ́ sì ni. Dókítà olóṣooṣù náà ń dín iye aláìsàn rẹ̀ kù. Bí ẹni tó ń wo 2,000 èèyàn bá ní 600 lòun fẹ́, ta ló máa wo 1,400 tó kù? Ní Amẹ́ríkà pàápàá, wọ́n ń bi ara wọn. Nílẹ̀ wa, ọ̀rọ̀ náà gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2025, Muhammad Ali Pate, tó jẹ́ Mínísítà ètò ìlera nígbà náà, sọ pé àwọn dókítà tó ti fi Nàìjíríà sílẹ̀ láàrin ọdún márùn-ún sí méje ju 16,000 lọ. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ japa, ẹ ò gbọ́ o! Nítorí náà, mi ò sọ pé ká gbé ti Seattle wá bó ṣe wà. Dókítà wa ò tó ìyẹn pín. Ohun tó tó pín ni nọ́ọ̀sì, agbẹ̀bí, àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ní ilé ìwòsàn alábọ́dé ládùúgbò, irú èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jà fún nígbà tó jẹ́ mínísítà láti 1985 sí 1992. Bí a bá so àjọ mọ́ ìyẹn, tí owó náà tó, tí olówó àti mẹ̀kúnnù jọ wà nínú ìwé kan, a ò ní máa wá dìpọ́síìtì kiri lóru.

Akẹ́kọ̀ọ́ ni wá, lóòótọ́. Owó ìlera wà nínú school fees wa, ọ̀pọ̀ wa ò sì mọ ohun tó rà fún wa. Bí a bá jáde, ẹlòmíì á gba iṣẹ́ tó ní káàdì, ẹlòmíì á di ọ̀gá tó ń fún èèyàn ní káàdì, ẹlòmíì á di dókítà tí wọ́n ń mú káàdì wá bá. Nígbàkigbà tí ẹnikẹ́ni bá ní kí ẹ san owó ìwòsàn sílẹ̀, ẹ bi í ní nǹkan mẹ́ta. Àìsàn wo ló wà nínú rẹ̀, èwo ni kò sí? Ta ni ẹ̀yin ń gba ipò rẹ̀ bí ẹ bá wọlé? Bí oògùn bá tán níbẹ̀, ṣé ẹnì kan tí wọ́n máa gbọ́ ohùn rẹ̀ wà nínú àwọn tó máa jìyà rẹ̀?

Bí ìdáhùn ìkẹta bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́, àga iwájú ni wọ́n ń tà fún yín. Ẹni tó bá lówó lè rà á, kò sófin tó ní kó má rà á. Àmọ́ kó má pè é ní àjọ.

Kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí àìsàn tó ju àpò wa lọ. Ẹ bá mi wọn ẹ̀jẹ̀ ríru àwọn ìyá yín nílé o.